Awẹ́ Obì Kẹrin

A kì í sọ pé awo kú. Ó lọ sí Ìtunlà ni. Ṣùgbọ́n omijé kò gbọ́ ẹnà.

Ọ̀rẹ́ mẹ́rin ni wá, ọjọ́ Awo la máa ń pàdé lọ́rọọrún. Obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin a sì kárí wa. Lọ́sẹ̀ Ifá tó kọjá, ó ku àwa mẹ́ta. Obì yàn, iyán dé, ẹmu dé, ojú sì ń tì wá láti rẹ́rìn-ín. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa fi awẹ́ kẹrin lé ọmọ olóògbé lọ́wọ́: "Jókòó, ìjókòó bàbá rẹ nìyí."

Ọmọ náà bá dá àpárá bàbá rẹ̀ kan. A rẹ́rìn-ín títí, ẹkún bọ́ sí i.

Kí Ẹ̀dú má jẹ́ kí ìjókòó wa ṣófo. Àbọṣíṣẹ.