Iṣẹ́ Abẹ Ọpọlọ: Ọ̀nà Ìbàdàn Jìn sí Àgọ́ Aláyè

Orí fífọ́ kan wà tí kì í ṣe ti oòrùn, tí kì í ṣe ti ibà. Òjijì ló máa ń dé, láàárín ìṣẹ́jú kan á ti le ju gbogbo èyí tí onítọ̀hún ti ní rí lọ. Èébì á tẹ̀lé e, ọrùn á le gbagidi, ẹlòmíì á dákú. Ní Àgọ́ Aláyè àti àwọn abúlé tó yí Òdìgbò ká, oníkẹ́míìsì ló sún mọ́ èèyàn jù, ṣùgbọ́n oògùn ara ríro kò ran èyí.

Òpó ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọpọlọ ló bẹ́. Ojú kan lára rẹ̀ ti kọ́kọ́ fẹ́lẹ́, ó wú síta bíi táyà tó yọ gẹ̀gẹ̀, èyí tí àwọn awakọ̀ oríta Ọ̀rẹ̀ mọ̀ dunjú. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá máa ń dá kún un.

Lọ́dún 1937, ní Baltimore, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kan, Walter Dandy, ṣí agbárí aláìsàn kan, ó sì fi irin kékeré há ọrùn ibi tó wú náà. Ẹ̀jẹ̀ kò ráyè wọbẹ̀ mọ́, òpó fúnra rẹ̀ sì ń ṣàn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é, àfi pé awò amóhun-tóbi ti wà báyìí. Àwọn mìíràn máa ń gba òpó ẹ̀jẹ̀ itan ti okùn wáyà tín-ínrín dé ọpọlọ láì la orí.

Ọdún 1962 ni Látúndé Odeku, ọmọ Awẹ́, ti Amẹ́ríkà dé sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Akéwì ni pẹ̀lú. Ó kú lọ́dún 1974, ṣùgbọ́n Dókítà Adélọlá Adélóyè àti àwọn mìíràn kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró. Láyé ọjọ́un, wọ́n gbà pé àrùn yìí ṣọ̀wọ́n láàárín ènìyàn dúdú. Àmọ́ ẹ̀rọ tí yóò fi í hàn ni kò pọ̀.

Wákàtí 24 àkọ́kọ́ ni ewu kí ẹ̀jẹ̀ tún ya pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ kejì yìí sì lè pani. Ẹ wo bí ọ̀nà ti jìn tó: Ọ̀rẹ̀ sí Oǹdó, Oǹdó sí Ifẹ̀, kí ẹ tó kan Ìbàdàn! Ó yẹ kí ìjọba rí i pé ẹ̀rọ ayàwòrán inú orí àti ọkọ̀ pàjáwìrì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru nírú ìlú bí Ọ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, bí irú orí fífọ́ yìí bá ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé òjijì ló dé.