Kámẹ́rà Wo Ló Mọ Ojú Wa?

Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀ pé fíìmù ni mo ṣì fi ń yàwòrán máa ń dá mi dúró ní Rye Lane ní Peckham, ní London, láàárín àwọn tó ń ta iṣu àti àwọn tó ń ta ẹja. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kámẹ́rà àtijọ́ wo ni kí n rà?" Orúkọ á ti wà lẹ́nu wọn: Pentax, Nikon, Olympus, Canon. Wọ́n ń retí kí n na ìka sí ọ̀kan kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Èmi á kọ́kọ́ bi wọ́n pé, "Ta lo fẹ́ yà? Níbo lo sì ti fẹ́ yà á?"

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n ń kà, ẹni tó ń ya òkè, omi àti òdòdó lójú oòrùn ló kọ ọ́. Tiwa ní Peckham yàtọ̀. Ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ọgọ́ta ọdún màmá, ìdúpẹ́: inú gbọ̀ngàn la ti ń ṣe é, iná ibẹ̀ kì í mọ́lẹ̀ tó, ara wa dúdú, léèsì wa funfun báláú. Tó bá tún di oṣù Kejìlá, oòrùn á ti wọ̀ ní London kí aago mẹ́rin tó lù. Kámẹ́rà tó máa wúlò fún wa gbọ́dọ̀ lè bá gbogbo ìyẹn yí.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ fọ́tò, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Òkè-Àdó. Ọmọ iṣẹ́ kì í fọwọ́ kan kámẹ́rà nígbà náà, àfi tó bá kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn. Ọ̀gá mi a máa sọ pé ẹni tí kò mọ ohun tó ń ba fíìmù jẹ́ kò yẹ kó máa ra fíìmù. Ohun tó ń bà á jẹ́ náà ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Nínú kámẹ́rà tí a ń fọwọ́ yí, nǹkan mẹ́ta lọwọ́ rẹ ń ṣe. Wàá yí lẹ́ǹsì títí ojú ẹni tó jókòó á fi hàn kedere. Wàá yan bí ihò inú lẹ́ǹsì á ṣe fẹ̀ tó: nọ́ńbà kékeré bíi 2 ni ihò ńlá tó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, 16 sì ni ihò tóóró. Wàá tún yan bí ṣọ́tà, ìyẹn ìkélé tó wà níwájú fíìmù, á ṣe ṣí pẹ́ tó kó tó pa dé: ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, tí wọ́n ń kọ ní 1/60, tàbí 1/1000 tó yára jù ú lọ fíìfíì. Mítà, tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, ló ń gbà ọ́ nímọ̀ràn nọ́ńbà tó yẹ kí o mú.

Ibi mítà yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ṣe é ti gbà pé gbogbo ohun tó bá wà níwájú rẹ̀, tí a bá pò wọ́n pọ̀, àwọ̀ eérú ni, tí kò dúdú tí kò sì funfun. Dojú rẹ̀ kọ ìyàwó tó wọ léèsì funfun, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á ní kí o dín in kù. Tí o bá gbọ́ tirẹ̀, léèsì á di eérú, ojú ìyàwó á sì wọnú òkùnkùn débi pé ẹyin ojú àti eyín nìkan ni wàá rí. Dojú rẹ̀ kọ bàbá tó wọ agbádá dúdú níwájú ògiri dúdú, á ní kí o fi ìmọ́lẹ̀ kún un, àwọ̀ bàbá á sì ṣá. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mítà ò mọ ojú, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa ń na àtẹ́lẹwọ́ mi sínú ìmọ́lẹ̀ kan náà tó ń tan sójú ẹni tí mo fẹ́ yà, màá fi mítà wọn àtẹ́lẹwọ́ yẹn, màá wá fi ìmọ́lẹ̀ kún un ní ìpele kan: tí mítà bá ní 8, màá mú 5.6. Àwọ̀ ara èèyàn yàtọ̀ síra gidigidi, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ìyàwó wọ funfun, kí bàbá wọ dúdú, mi ò tún wo mítà mọ́.

Kì í ṣe mítà nìkan ló gbàgbé wa. Láti bí ọdún 1950 sókè, Kodak a máa fi káàdì àwòrán kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò aláwọ̀, kí wọ́n lè fi mọ̀ bóyá àwọ̀ ti tọ́. Obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà nínú rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Bí ara Shirley bá ti dára, iṣẹ́ ti dára nìyẹn. Ó di nǹkan bí ọdún 1990 sókè kí àwọn ènìyàn aláwọ̀ mìíràn tó bá a jókòó nínú káàdì. Síbẹ̀, ẹ lọ wo iṣẹ́ ayàwòrán James Barnor. Accra ni wọ́n ti bí i ní 1929. Ó dé London ní 1959, Peckham wa yìí ló sì kọ́kọ́ gbé. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ fọ́tò aláwọ̀ ní Kent, ó sì lọ ilé ẹ̀kọ́ Medway College of Art. Ó ya àwọn ọ̀dọ́bìnrin aláwọ̀ dúdú ní ìgboro London fún ìwé ìròyìn Drum, ara wọn sì ń dán nínú àwòrán náà títí dòní. Nígbà tí ilé àfihàn Serpentine ní London ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní 2021, ojú ara wọn yìí ni mo ń wò ṣáá. Ayé Shirley ló ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá sórí orúkọ tí wọ́n ń dá.

Pentax K1000 jáde ní 1976, wọn ò sì dáwọ́ ṣíṣe é dúró títí di 1997. Èyí tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣòro láti rí. Mítà nìkan ni bátìrì rẹ̀ wà fún. Bí bátìrì bá kú láàárín òde, ṣọ́tà á máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò ní ibi tí a ti ń pa mítà, nítorí náà ẹ máa dé ìdérí lẹ́ǹsì kí bátìrì má baà tán lásán. Àléébù rẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ ni mítà rẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀; nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti dín iná kù, ẹ ò ní rí abẹ́rẹ́ yẹn.

Nikon FM2 ti 1982 náà kì í dúró de bátìrì kí ṣọ́tà tó ṣí. Àmì iná pupa ló wà nínú ihò tí a ń fojú wò, kedere ló sì ń hàn nínú òkùnkùn. Ṣọ́tà rẹ̀ yára dé 1/4000. Owó rẹ̀ ni ìṣòro: owó ẹyọ kan sábà máa ń tó ra K1000 méjì.

Olympus OM-1 ni mo fẹ́ràn fún ẹni tó máa rìn láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Yoshihisa Maitani ló ṣètò rẹ̀. M-1 ni wọ́n kọ́kọ́ pè é ní 1972, kí Leica tó ní orúkọ náà jọ tàwọn, tí wọ́n fi yí i padà. Gíráàmù 510 péré ni láìsí lẹ́ǹsì, ó wọ inú báàgì obìnrin pẹ̀lú gèlè àti bàtà ìpààrọ̀. Mítà tirẹ̀ náà abẹ́rẹ́ ni. Bátìrì mẹ́kúrì ló ń lò látilẹ̀wá, òfin sì ti ká irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́jà. Èyí tí àwọn tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa ń fi sínú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, nọ́ńbà 675, lè rọ́pò rẹ̀ tí ẹ bá fi òrùka kékeré gbà á mọ́ àyè. Ilé ìtajà oògùn ni wọ́n ti ń tà á.

Canon AE-1, òun náà jáde ní 1976, rẹwà lójú, orúkọ rẹ̀ sì ròkè. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má rà á. Àmọ́ bí bátìrì rẹ̀ bá ti kú, kámẹ́rà ti kú nìyẹn, ṣọ́tà ò ní ṣí rárá. Ohun tó sì mú kí wọ́n máa rà á ni pé ó ń yan ihò lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí irú yíyàn bẹ́ẹ̀ ń fi léèsì ṣe.

Zenit-E, ọmọ Rọ́ṣíà, ni àwọn ènìyàn sábà máa ń bá nínú àpótí ìsàlẹ̀ tábìlì. Ó wúwo, kò gbówó lórí, lẹ́ǹsì Helios tó máa ń bá a wá sì dára ju owó rẹ̀ lọ. Kò lo bátìrì rárá, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbé mítà rẹ̀ ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú mítà bẹ́ẹ̀ máa ń rẹ̀ bó bá ti dàgbà. Ìwọ̀n 1/30 ló gbọ́dọ̀ wà tí ẹ bá fẹ́ lo fíláàṣì, ẹni tó bá sì ń jó lè di méjì mọ́ yín lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ fíláàṣì yìí, ẹ jẹ́ n là á. Kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ní ìyára tí ṣọ́tà ò gbọ́dọ̀ kọjá bí fíláàṣì bá wà lórí rẹ̀. Ti K1000, OM-1 àti AE-1, 1/60 ni. FM2 dé 1/200, wọ́n sì gbé e dé 1/250 lẹ́yìn náà. Nínú gbọ̀ngàn, 1/60 tó. Ìta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án ló ti ń le. Gèlè ńlá máa ń da òjìji bo iwájú orí àti ojú, fíláàṣì díẹ̀ ló sì ń lé òjìji náà lọ. Nọ́ńbà fíìmù ń sọ bó ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó: bí oòrùn bá ràn gidi, fíìmù 400 ń fẹ́ 1/500 pẹ̀lú ihò 16. Lórí FM2 tó dé 1/250, ẹ lè lọ sí 1/250 àti 22, kí fíláàṣì sì tàn. Lórí K1000, 1/60 á jó fíìmù 400 yẹn. Ẹ ní láti ti fi fíìmù 100 sínú rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ má sì wo kámẹ́rà nìkan, ẹ wo lẹ́ǹsì. Nígbà tí North Peckham Estate ṣì wà, kí wọ́n tó wó o, pálọ̀ ilé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ya fọ́tò ọdún. Àwòrán àgbà nílẹ̀ Yorùbá, ó ní bó ṣe rí: kó jókòó kó dojú kọ kámẹ́rà, ọwọ́ lórí orúnkún, kí gbogbo ara pé láti orí fìlà dé bàtà. Ẹni tó bá gé ẹsẹ̀ bàbá kúrò nínú fọ́tò máa gbọ́ ọ. Lẹ́ǹsì 50 tó ń bá kámẹ́rà wọ̀nyí wá kò lè gba bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin tán nínú pálọ̀ kékeré. Bí nọ́ńbà lẹ́ǹsì bá ṣe kéré tó ni àyè tó ń rí ṣe ń fẹ̀ tó: 35 tàbí 28 ló lè gbà wọ́n. Kí ẹ tó sanwó kámẹ́rà, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta 28 tirẹ̀. Ti Pentax wọ́pọ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ́n.

Ó ku ohun kan tí àwọn tó ń ta kámẹ́rà kì í mẹ́nu bà. Láyé ìjọhun, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, tí òbí sì ń fẹ́ àwòrán àwọn méjèèjì, ayàwòrán á ya èyí tó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì, á tẹ̀ ẹ́ pọ̀ sórí ìwé kan kó lè jẹ́ pé Táyé àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ takọtabo, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ ọkùnrin, wọ́n á tún wọ̀ ọ́ láṣọ obìnrin. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, bá àṣà yìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1978. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú méjì sórí fíìmù kan lónìí, kó ra kámẹ́rà tó ní ọwọ́ kékeré tí ṣọ́tà fi lè múra lẹ́ẹ̀kan sí i láìjẹ́ pé fíìmù sún. FM2 ní in. K1000 kò ní.

Ibi tí mo ti ń wá kámẹ́rà ni ọjà àlòkù Deptford, tí wọ́n ń ná lọ́jọ́rú, Ẹtì àti Àbámẹ́ta. Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Fóòmù dúdú tó yí etí rẹ̀ ká, bó bá ti ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìmọ́lẹ̀ á máa jò wọlé. Owó díẹ̀ ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ gbé lẹ́ǹsì sókè sí ìmọ́lẹ̀: lẹ́ǹsì máa ń bu bí búrẹ́dì, èyí tó bá sì ti bu, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ẹ wo ilé bátìrì bóyá ìpẹtà àwọ̀ ewé wà níbẹ̀. Ẹ fi ṣọ́tà sí ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tẹ́tí. Bó bá há sáàárín, tàbí tó pa dé lójijì, iṣẹ́ wà lára rẹ̀, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

Tí ẹ bá wá ní kí n dárúkọ, màá dá a. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, tí owó rẹ̀ mọ níba, kó ra K1000 àti lẹ́ǹsì 28, kó fi owó tó kù ra fíìmù. Ẹni tó máa gbowó òde lọ́wọ́ ènìyàn, kó tọ́jú owó FM2, nítorí ìyàwó kò ní padà wá wọ léèsì lẹ́ẹ̀kejì nítorí ẹ̀rọ. Ẹni tí èjìká ń dùn, kó gba OM-1. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá yín kí ẹ tó gbé e lọ sóde ẹlòmíràn. Ẹ ní kí wọ́n wọ aṣọ funfun, kí ẹ yà wọ́n lẹ́ẹ̀kan bí mítà ṣe wí, kí ẹ tún yà wọ́n bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe wí. Bí fíìmù bá ti jáde, ìyá yín ni kí ẹ ní kó yan èyí tó jọ òun.