Ìbẹ̀rù ìtọ́jú eyín láàárín àwọn ọmọdé

Ìbẹ̀rù ìtọ́jú eyín láàárín àwọn ọmọdé ni ìpayà tí ó máa ń mú ọmọ nígbà tí ó bá fẹ́ rí dókítà eyín, tàbí nígbà tí ó bá kàn gbọ́ pé wọn yóò mú òun lọ síbẹ̀. Ó lè hàn nínú ẹkún, ìwárìrì, inú rírun tàbí kíkọ̀ láti la ẹnu. Kì í ṣe àìgbọràn lásán. Ọmọ tí ẹ̀rù bá ń bà kì í tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà, eyín rẹ̀ a sì ti bàjẹ́ sí i kí ó tó débẹ̀.

Orísun rẹ̀

Ìrora tí ọmọ jẹ nígbà àkọ́kọ́ tí ó jókòó sórí àga ìtọ́jú ni ó sábà máa ń dá ìbẹ̀rù yìí sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í rí dókítà eyín àfi ìgbà tí eyín kò bá jẹ́ kí wọ́n sùn lóru mọ́. Nígbà náà, ó lè ti pẹ́ jù láti dí ihò eyín. Yíyọ ni ó kù. Ohun tí ọmọ ń gbọ́ nílé náà ń dá kún un. Òbí tí ó ń sọ fún ọmọ aláìgbọràn pé dókítà yóò gún un lábẹ́rẹ́ ti sọ dókítà di eégún tí a fi ń dẹ́rù ba ọmọ.

Ní agbègbè bíi Coconut, ní ìhà Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọ̀nà tún jẹ́ ìdènà mìíràn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ àjàgbé àti tánkà epo tí ń lọ sí èbúté fi ń dí ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì pa. Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ìṣègùn Yunifásítì Èkó (LUTH) ní Ìdí-Àràbà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín ọmọdé, kò jìnnà lórí àwòrán ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn àjò náà lè gba òwò ọjọ́ kan lọ́wọ́ òbí. Bí ọmọ bá wá ń sunkún pé òun kò lọ, ó rọrùn láti sún un síwájú.

Ohun tí ó ń ṣe sí ẹnu

Eyín ọmọdé jẹ́ 20, wọn yóò sì ré. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń rò pé kò yẹ fún ìtọ́jú. Àṣìṣe ńlá ni èyí. Eyín wọ̀nyí ni ó ń pa àyè mọ́ fún eyín àgbà. Bí èyí tí ó wà lẹ́yìn bá kúrò láìtọ́jọ́, èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀ lè hù wọ́. Bí ihò bá jìn dé inú eyín, ọyún lè gbá jọ sí ìdí rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò wú, ó sì lè ba eyín àgbà tí ó ń bọ̀ lábẹ́ jẹ́. Yíyọ eyín nínú irú ìrora bẹ́ẹ̀ a tún wá mú ìbẹ̀rù le sí i.

Wíwọ̀n àti ìtọ́jú

Ìwọ̀n kan tí a mọ̀ káàkiri ni CFSS-DS, tí Cuthbert àti Melamed gbé jáde ní ọdún 1982. Ìbéèrè 15 ni ó ní, nípa abẹ́rẹ́, ìró ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ eyín, kí àjèjì fọwọ́ kan ni àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Máàkì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 15 dé 75. Ní Ilé-Ifẹ̀, Morẹ́nikẹ́ Fọláyan àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ tí ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ṣe àtúpalẹ̀ ní ọdún 2004 lórí bí àṣà ṣe ń nípa lórí ọ̀nà tí ọmọ ń gbà fi ìbẹ̀rù hàn. Ọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí a ti ń kọ́ ọmọ láti mú ìrora mọ́ra níwájú àgbà: ọmọ tí ó dákẹ́ lórí àga lè jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà jù.

Dókítà a máa ṣàlàyé ohun tí ó fẹ́ ṣe, a fi irinṣẹ́ han ọmọ, kí ó tó ṣe é. Ní Tanzania, láàárín ọdún 1980 sí 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìlànà tí a fi irinṣẹ́ ọwọ́ nìkan ń ha ibi tí ó jẹrà, láìlo ẹ̀rọ. Oògùn olómi tí ó ní fàdákà àti fluoride, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kún àwọn oògùn pàtàkì ní ọdún 2021, tún lè dá jíjẹrà dúró láìgbẹ́ eyín rárá. Ó máa ń sọ ojú ibẹ̀ di dúdú, èyí tí kì í jẹ́ kí àwọn òbí mìíràn fẹ́ ẹ sí eyín iwájú.