Fóòtì 12 Tí Kì Í Ṣe 12

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “iná”, la fi ń pe èyí tí a fi ń se ẹ̀wà àti èyí tó ń yí fáànù. Àyíká ọ̀rọ̀ ló máa ń fi ìtumọ̀ hàn fún wa. Bátìrì lithium lè sọ ìkejì di àkọ́kọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, “12 V” tó wà lára bátìrì ló sì sábà máa ń ṣi èèyàn lọ́nà, torí òun náà ní ju ìtumọ̀ kan lọ.

Bí bátìrì òjé inú fáànù tó ń gba ṣáàjì bá ti kú, àwọn kan nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì máa ń tú bátìrì láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́, kí wọ́n yọ àwọn bátìrì roboto inú rẹ̀. 18650 ni wọ́n ń pè wọ́n: mìlímítà 18 ní ìbú, 65 ní gígùn. Wọ́n á so mẹ́ta pọ̀ ní ìtẹ̀léra, torí 3.7 V ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12. Fáànù á yí dáadáa. Ìgbà tí wọ́n bá kì í bọ iná ni wàhálà dé.

Ṣáàjà bátìrì òjé onífóòtì 12 lè tì í dé nǹkan bí 14.4 V kó tó kún. Ti lithium yìí, 4.2 V ni òpin ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta jẹ́ 12.6. Ẹ wá pín 14.4 sí mẹ́ta: 4.8 ló kan ẹyọ kan.

Bí bátìrì bá ń gba ṣáàjì, lithium máa ń kúrò ní apá kan lọ wọnú graphite ní apá kejì. Bí a bá tì í kọjá òpin, apá tó ń kúrò á bẹ̀rẹ̀ sí í wó, á sì máa tú ọ́síjìn sílẹ̀. Ní apá kejì, èyí tí kò ráyè wọlé á lẹ̀ mọ́ ojú graphite bí irin, ó sì lè gún awọ fẹ́lẹ́ tó pààlà láàárín wọn. Omi inú rẹ̀ sì rèé, ó ń gbiná bíi pẹtiróòlù.

Ṣáàjà lithium gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń rọ iná sí i ní ìwọ̀n kan náà títí yóò fi dé 4.2, á dúró síbẹ̀, á wá máa dín ohun tó ń rọ kù títí á fi dáwọ́ dúró. (Ìdí nìyẹn tí fóònù yín fi ń falẹ̀ lẹ́yìn 80%.) Okùn USB gbé 5 V, ṣùgbọ́n inú fóònù lohun tó ń ṣàkóso rẹ̀ wà, ẹ má so okùn yẹn mọ́ bátìrì lásán.

Fún mẹ́ta, ṣáàjà tí wọ́n kọ 12.6 V sí lára lẹ máa bèèrè, pẹ̀lú pátákó BMS fún bátìrì mẹ́ta. BMS kì í ṣe ṣáàjà o, ẹ̀ṣọ́ ni: òun ló ń já iná bí ẹyọ kan bá fẹ́ kọjá òpin. Oríṣi lithium kan tún wà, LiFePO4, tí òpin tiẹ̀ jẹ́ 3.65 V. Mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 14.6, òun ló sún mọ́ ti òjé jù.