Oṣé Ṣàngó Lójú Asẹ́

Kí èmi àti atọ́kùn ètò yìí tó bẹ̀rẹ̀ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wa, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà yé yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àwòrán méjì tí ó wà lẹ́yìn mi yìí. Onígun mẹ́ta pupa méjì ni ó wà lórí ti àkọ́kọ́. Wọ́n fi ṣóńṣó kan ara wọn láàárín, wọ́n sì kọ ojú fífẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni ti èkejì rí, àfi pé ìlà dúdú kan gba àárín rẹ̀ kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Títẹ̀ ni a tẹ àwọn méjèèjì. A kò fi búrọ́ọ̀ṣì kùn wọ́n. Ẹ fi wọ́n sọ́kàn, nítorí pé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni oṣé Ṣàngó.

Báwo ni a ti ń tẹ irú àwòrán báyìí? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná. Nígbà tí a bá ń sẹ́ ògì, omi ògì a gba ojú asẹ́ jò wálẹ̀, eèrí a sì dúró sókè. Asẹ́ ni àwọn tí ń tẹ àwòrán yìí náà ń lò. Wọn a kan igi mẹ́rin pọ̀ bíi férémù fèrèsé, wọn a sì na aṣọ wíwun lé e títí yóò fi le bí awọ ìlù. Sílíkì ni aṣọ náà ní àtijọ́. Pọlísítà ni lóde òní. Bí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ, òwú bíi 43 nínú sẹ̀ǹtímítà kan tó. Bí ó bá jẹ́ ìwé, a lè lo èyí tí ó ní 77 tàbí 90, kí etí àwòrán lè mú dáadáa. A ó dí ojú asẹ́ níbi tí a kò bá fẹ́ kí ọ̀dà gbà kọjá, a ó sì fi ibi tí a fẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí a ó da ọ̀dà sí etí kan, a ó fi pátákó pẹlẹbẹ tí a kan rọ́bà mọ́ létí wọ́ ọ̀dà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí a bá gbé asẹ́ kúrò, àwòrán ti wà lórí ìwé.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa pátápátá. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a máa gé ọnà sára páànù, wọn a tẹ́ ẹ lé aṣọ funfun, wọn a sì fi ẹ̀kọ láfún pa ojú ihò rẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá lẹ̀ mọ́, aró kò ní mú un. Ṣùgbọ́n páànù ní àléébù kan. Bí ẹ bá gé òrùka sí i lára, àárín òrùka náà yóò já bọ́, àfi bí ẹ bá fi afárá tín-ín-rín so ó mọ́ ìyókù. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí àwọn ìlà aró kéékèèké tí wọ́n dá ọnà kọjá lára àdìrẹ onípáànù. Asẹ́ kò ní ìṣòro yìí, nítorí pé òwú rẹ̀ ni ó gbé àárín náà dúró. Ohun kan sì tún wà: asẹ́ kì í gba "bóyá". Yálà ojú rẹ̀ là ni o, tàbí ó dí. Nítorí náà ni ó fi bá àwòrán onígun mu ju ohunkóhun lọ.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí n rí ibi tí ọgbọ́n yìí lè dé ni Rubem Valentim, ọmọ Bùràsíìlì, tí a bí ní ìlú Salvador ní Bàhíà ní ọdún 1922, tí ó sì kú ní 1991. Iṣẹ́ dókítà eyín ni ó kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ara rẹ̀ ní àwòrán. Nígbà tí ó ń dìde bọ̀, àwòrán onígun ni ó gbòde ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ẹgbẹ́ Ruptura, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní São Paulo ní 1952, ń polongo pé kí ìlà jẹ́ ìlà, kí ìgun jẹ́ ìgun, kí wọ́n má ṣe dúró fún ohun mìíràn. Valentim gba ìlà, ó gba ìgun, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n yadi. Ó yíjú sí àwọn ilé òrìṣà ìlú rẹ̀, ó wo oṣé Ṣàngó, ọfà Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, abẹ̀bẹ̀ Ọ̀ṣun àti ọ̀pá Òrìṣàńlá, ó sì fi wọ́n ṣe àwòrán, igi gbígbẹ́ àti ìtẹ̀ alásẹ́. Ní 1966, iṣẹ́ rẹ̀ wà níbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú ní Dakar.

Ẹ fi etí yín sí èyí: oxê, ofá àti abebê ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ohun wọ̀nyí ní Bùràsíìlì títí di òní. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kò gbé ẹrù kankan dání, ṣùgbọ́n wọ́n gbé orúkọ àti ìtumọ̀ dání. Ìpamọ́ náà kò sì rọrùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé òrìṣà, tí wọ́n kó ohun ìbọ lọ. Ní 1976 ni ìjọba Bàhíà ṣẹ̀ṣẹ̀ fagi lé òfin pé kí àwọn ilé òrìṣà máa gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ohun tí ènìyàn fi ara jìyà nítorí rẹ̀ báyìí, kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan lórí oríkì Ṣàngó. A gbé èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ alásẹ́ dunjú. Ó ti wo iṣẹ́ Valentim, ó sì fẹ́ kí tirẹ̀ mọ́ tónítóní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yọ ọnà ara oṣé kúrò. Nígbà tí ó yá, ó yọ igi ìdìmú rẹ̀ pẹ̀lú. Igba èèpo ni ó tẹ̀. Mo gbà á, mo sì yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ọ̀kan lọ han ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ oníṣàngó, ẹni tí ó ràn wá lọ́wọ́ lórí oríkì náà, Ìyá yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní, "Ọmọ mi, gángan ta lẹ yà síbí?"

Ìtìjú bò mí. Òtítọ́ ni Ìyá sọ: ojú méjì fífẹ̀, àárín tín-ín-rín, gángan náà ni. Èmi tí mo ń kọ́ ènìyàn ní èdè sì ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ rí i. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta náà, ọ-k-ọ, láìfi àmì ohùn sí i, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro oko, tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀? Àmì ohùn kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ni ó gbé ìtumọ̀ ró. Igi ìdìmú ni àmì ohùn oṣé. A lè yọ ọnà kúrò lára àmì àjogúnbá. Bí a bá yọ ohùn rẹ̀, a ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò da igba èèpo náà nù. Ó ṣe asẹ́ kejì, tí kò ní ju ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo lọ, ó po ọ̀dà dúdú, ó sì tẹ igi ìdìmú lé àárín gbogbo wọn. Àwòrán méjì tí ó wà lẹ́yìn mi nìyẹn: èyí tí Ìyá kọ̀, àti èyí tí wọ́n gbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí asẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tí ó ni àmì náà léèrè orúkọ rẹ̀ àti ìlò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ká ìwé sí méjì, kí ẹ ya ìlàjì àmì náà sí etí tí ẹ ká, kí ẹ gé e, kí ẹ sì ṣí i. Ọ̀tún àti òsì yóò dọ́gba. Ẹ máa yọ ọnà kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa fi han ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Níbi tí ó bá ti ń ṣe iyèméjì, ẹ dá ohun tí ẹ yọ kẹ́yìn padà.

Ìgbà yìí ni kí ẹ pín in sí àwọ̀. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò ní asẹ́ tirẹ̀. Bí ẹ̀dà kò bá pọ̀, ìwé gígé tí a lẹ̀ mọ́ abẹ́ asẹ́ tó láti dí i. Bí ó bá pọ̀, a ó fi oje tí ìmọ́lẹ̀ ń mú le pa ojú asẹ́ nínú òkùnkùn, a ó tẹ́ àwòrán dúdú tí a yà sára rọ́bà tí ń dán gbinrin lé e, a ó sì tan iná sí i. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá dé yóò le. Ibi tí àwòrán bá ṣíji bò, omi yóò fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ lẹ páálí mọ́ tábìlì ní igun, kí gbogbo ìwé lè jókòó síbi kan náà. Ẹ jẹ́ kí asẹ́ fi bíi mìlímítà 3 ga ju ìwé lọ, kí ó lè já kúrò lẹ́yìn rọ́bà kíákíá. Àwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, kí ó gbẹ, kí dúdú gbẹ̀yìn. Dúdú lè bo pupa, ṣùgbọ́n pupa kò lè bo dúdú. Ẹ fọ asẹ́ kí ọ̀dà tó gan mọ́ ọn.

Yorùbá ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni àwòrán onígun. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sọ ààbọ̀ gbọ́dọ̀ mọ odidi, pàápàá lẹ́nu iṣẹ́ asẹ́, nítorí pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni asẹ́ fi ń sọ àṣìṣe kan di igba.

Atọ́kùn wa, ó kù sọ́wọ́ yín. Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí bóyá ó tilẹ̀ tọ́ kí oṣé wà lára ẹ̀wù tí ènìyàn ń wọ̀ lọ sí ọjà. Èrò tèmi ni pé kí a kọ́kọ́ bi Ìyá.