Ọmọ Ní Sports Marketing Lòun Fẹ́ Ṣe: Ìṣirò Tó Yẹ Kí Òbí Ṣe Kí Internship Tó Bẹ̀rẹ̀

 

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe ní Houston níbí. Bí àwọn èèyàn wa bá kó ìwé owó orí wá, ọ̀rọ̀ ọmọ ló sábà máa ń tẹ̀lé e. "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí lóun ò ṣe dókítà mọ́, sports marketing lòun fẹ́. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?" Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n inú kíláàsì nìkan kọ́ ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n. Internship, èyí tí àwa tá a kàwé nílé mọ̀ sí IT, ni ọmọ fi ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ òun ni.

Kí ni wọ́n ń tà gan-an? Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ẹgbẹ́ eré ìdárayá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, aṣọ, fìlà, àti orúkọ. Ẹ wo pápá baseball àwọn Astros níbí. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 2000, Enron ti gbà láti san nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 dọ́là fún ọdún 30 kí wọ́n lè máa pè é ní Enron Field. Enron wó ní December 2001. Ní 2002, Astros san mílíọ̀nù 2.1 dọ́là láti gba orúkọ náà padà, wọ́n sì tún un tà fún Minute Maid. Láti 2025, Daikin Park ló ń jẹ́. Àwọn tó ń dúnàádúrà irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tá à ń sọ yìí ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ rántí Hakeem Olajuwon tiwa, ọmọ Èkó tó dé University of Houston ní 1980, tó sì bá Rockets gba ife ní 1994 àti 1995. Nígbà tí bàtà àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ ní ọgọ́rùn-ún dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun bá Spalding gbé bàtà bíi dọ́là 35 jáde, kí òbí tí ọwọ́ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbẹ̀gẹ́ lè rà á fọ́mọ. Ta lẹ fẹ́ tà fún, èló ló lè san? Marketing nìyẹn.

Ẹ má rò pé ẹ̀gbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ni intern máa ń jókòó sí o. Ọmọ iṣẹ́ ni. Á máa pe ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́ àti iléeṣẹ́ lórí fóònù láti ta tíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ eré, á to tábìlì onígbọ̀wọ́, á pín aṣọ fún èrò, á ya fọ́tò ibi tí orúkọ onígbọ̀wọ́ ti hàn, torí onígbọ̀wọ́ á béèrè ẹ̀rí pé owó òun ò ṣòfò. Alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ tó bá ṣe é fún oṣù mẹ́ta tí inú rẹ̀ ṣì ń dùn, ẹ jẹ́ kó máa bá a lọ. Èyí tó kàn fẹ́ràn bọ́ọ̀lù wíwò á tètè mọ̀, kí owó tó lọ.

Rice University àti University of Houston ń kọ́ni níṣẹ́ yìí. Kì í sì í ṣe Rockets àti Texans nìkan ló ń gba ọmọ iṣẹ́. Ẹ wo ọ́fíìsì eré ìdárayá ní yunifásítì àti àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe onígbọ̀wọ́.

Ìṣirò mẹ́ta ló wá kù.

Èkíní ni owó oṣù. Bí iléeṣẹ́ tó ń wá èrè ò bá fẹ́ sanwó, ohun tí òfin ń wò ni pé, ta ni àǹfààní internship náà pọ̀ fún jù, ọmọ ni àbí iléeṣẹ́? Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ni ọmọ ń ṣe, dọ́là 7.25 fún wákàtí kan ló kéré jù ní Texas. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 10, dọ́là 1,450 nìyẹn. Ẹ ro owó epo àti páàkì mọ́ ọn.

Èkejì ni credit. Bí yunifásítì bá fún ọmọ ní credit lórí internship, ẹ̀yin lẹ máa san school fees credit yẹn. Ọmọ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ń sanwó! Kò burú bó bá rọ́pò kọ́ọ̀sì tí ẹ̀ bá san tẹ́lẹ̀. Bí kò bá sí nínú ohun tí ọmọ nílò láti gboyè, ẹ rò ó dáadáa.

Ẹ̀kẹta ni ìwé ìgbélùú, èyí sì le jù. Ọmọ tó wà lórí F-1 gbọ́dọ̀ ní CPT lórí I-20 rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá lo CPT alákòókò kíkún tó oṣù 12, OPT ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oyè yẹn. Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ bá ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Dókítà dáa, ẹnjiníà dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọjà polówó náà ń jẹun. Kí ẹ tó sọ pé rárá, ẹ ní kí ọmọ gbé ìwé àdéhùn wá, kí ẹ jọ kà á.

Ó dìgbà kan ná.