ỌSẸ̀ IṢẸ́ ÌLÚ: Ọ̀WẸ̀ NI TÀBÍ ÀÁRÓ?

Bísímílláhì Ràhmọ́nì Ràhíìmù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tẹ̀lé wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí dá lórí nǹkan kan tó ti wọ́pọ̀ láàrin àwọn ẹgbẹ́ mùsùlùmí ní ìlú ńlá, pàápàá ní Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí yóò ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ nínú ọdún, wọn a ní ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ ìlú ni. Ní Sátidé wọn a kó gọ́tà àdúgbò, ní Àtìní wọn a lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ọsibítù, ní Àlàmísì wọn a lọ kí àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, ní Jímọ̀ wọn a pín oúnjẹ. Àwọn kan ń bi wá pé, "Àfáà, ṣé ẹ̀sìn náà nìyí? Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ kánsù ni gọ́tà?" Àwọn mìíràn ń béèrè ohun tó le ju ìyẹn lọ: "Kí ló dé tó jẹ́ pé bí ọ̀sẹ̀ yẹn bá ti kọjá báyìí, gbogbo nǹkan a padà sí bó ṣe wà?" Ìbéèrè kejì yìí gan-an ni mo fẹ́ bójú tó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n yára dáhùn ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀sìn ni. Ó wà nínú hàdíìsì tí Ìmáàmù Muslim gbà wá pé ìgbàgbọ́ ní ẹ̀ka púpọ̀, àti pé mímú ohun tó lè pa ènìyàn lára kúrò lójú ọ̀nà wà lára ẹ̀ka náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kéré jù. Bukhari àti Muslim tún gba ìròyìn ọkùnrin kan tó rí ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún lójú ọ̀nà, ó gbé e kúrò, Ọlọ́hun sì torí ẹ̀ dárí jì í. Àwọn méjèèjì náà ló sọ nípa ẹnì kan tó máa ń gbá mọ́ṣáláṣí ní Mẹ̀dínà. Nígbà tó kú, àwọn sàábé kò fi tó Ànọ́bì létí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ onígbálẹ̀ kò tó nǹkan. Ànọ́bì béèrè rẹ̀, kò dùn mọ́ ọn pé wọn ò sọ fún òun, ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó sì kírun sí i lára níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i o: ẹni tó sọ gbígbálẹ̀ di ìṣe rẹ̀ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ẹni tó gbálẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ tún ka Súúrà Mọ́úùn, súúrà 107 nínú Àlùkùránì, ẹ wo bí Ọlọ́hun ṣe so ìrun àwọn aláṣehàn pọ̀ mọ́ ìwà ahun lórí àwọn nǹkan kéékèèké tí ènìyàn ń yá ara wọn lò.

Kò sì jẹ́ tuntun láàrin wa. Ansar-Ud-Deen tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923, ilé-ìwé ni wọ́n gbájú mọ́, torí pé nígbà yẹn, ọmọ mùsùlùmí tó bá fẹ́ kàwé, ilé-ìwé ìjọ onígbàgbọ́ ló pọ̀ jù tí yóò rí, ọ̀pọ̀ sì ń ti ibẹ̀ yí orúkọ àti ẹ̀sìn padà. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mùsùlùmí, MSSN, bẹ̀rẹ̀ ní 1954. FOMWAN ti àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní 1985, NASFAT ní 1995. Gbogbo wọn ló ti ṣe iṣẹ́ ìlú ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ohun tó jẹ́ tuntun ni fáńsẹ̀tì aláwọ̀ kan náà àti bánà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí ìbéèrè kejì. Àwọn bàbá wa tó ń dáko mọ ọ̀nà méjì tí ènìyàn ń gbà fi agbára ran ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ni ọ̀wẹ̀. Ẹni tó ní iṣẹ́ ńlá kan, bí ẹni tó fẹ́ kọ́lé tàbí tó fẹ́ ṣe oko àna, yóò ké sí ará àti ọ̀rẹ́, yóò sè, yóò rọ̀, wọn a dà bo iṣẹ́ náà, ó di ọjọ́ kan, ó parí. Èkejì ni àáró. Àwọn márùn-ún tàbí mẹ́fà a jọ dìde, wọn a ro oko tèmi lónìí, wọn a ro oko tìrẹ lọ́la, títí yóò fi kárí, yóò sì tún padà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Ọ̀wẹ̀ a máa dùn, àwọn ènìyàn a pọ̀, ọbẹ̀ a pọ̀. Àáró kò ní ariwo. Ṣùgbọ́n ilé ni à ń fi ọ̀wẹ̀ kọ́, torí pé ilé tí a bá ti kọ́ ti dúró nìyẹn. Koríko kì í gbọ́ ọ̀wẹ̀. Bí o bá ro ó lónìí, bí òjò méjì bá rọ̀, ó tún hù.

Ìṣòro ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ ìlú wa nìyí: iṣẹ́ àáró la ń fi ọ̀wẹ̀ ṣe.

Ẹ wo gọ́tà. Ìbàdàn mọ ohun tí omi lè ṣe. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo àdúgbò, ó gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ, títí dòní ni àwọn àgbà ń fi ọjọ́ yẹn ka ọjọ́ orí ọmọ. Ti ọdún 2011 kò tíì pẹ́ tó kí a gbàgbé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, ó sì bọ́ sí ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n Rámádánì ọdún 1432. Òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń retí Lailatul-Qadri ni òjò yẹn bá wa. Ó rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, afárá wó, omi gbé ilé àti ènìyàn lọ, ó wọ inú ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, ó ba ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja níbẹ̀ jẹ́. Àwọn ìdílé kan wà tí wọn kò jẹ oúnjẹ Ìtúnu ààwẹ̀ ọdún yẹn pọ̀ mọ́. Òjò jẹ́ ti Ọlọ́hun, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rá píọ́ wọ́tà tó dí abẹ́ afárá, Ọlọ́hun kọ́ ló jù ú síbẹ̀. Ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi, àwa la kọ́ ọ.

Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là láti fi kojú ìkún omi ní Ìbàdàn. Afárá àti ojú odò ni irú owó bẹ́ẹ̀ wà fún. Gọ́tà iwájú ilé rẹ, ìwọ ló ni ín.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ kó gọ́tà, ẹ gbọ́ ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń sọ. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí omi ti ń já sí odò, kí ẹ máa bọ̀ lókè. Bí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi yóò kó ẹrẹ̀ yín lọ dí ìsàlẹ̀ pa, ẹ ti gbé wàhálà fún aládùúgbò yín. Kí ọkọ̀ típà ti wà nílẹ̀ kí ṣọ́bìrì àkọ́kọ́ tó wọ gọ́tà. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n kó ẹrẹ̀ jọ sí etí gọ́tà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ jẹun. Típà kò dé, òjò ló dé, gbogbo ẹrẹ̀ náà sì wọ́ padà sí ibi tó ti jáde. Kí àwọn ọ̀dọ́ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò, torí ìgò fífọ́ àti abẹ́rẹ́ wà nínú ẹrẹ̀. Mo fẹ́ fi kan kún un tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Rámádánì ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún, àmọ́ òjò kì í sún bẹ́ẹ̀. Gọ́tà kò mọ oṣù ojú ọ̀run. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ni kí ẹ ti kó o, kí ẹ tún padà síbẹ̀ nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Bí ọ̀sẹ̀ yín bá bọ́ sí ìgbà mìíràn, ẹ fi ṣe nǹkan mìíràn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà ni àáró bẹ̀rẹ̀. Ẹ pín àdúgbò sí ojúlé mẹ́rin mẹ́rin, kí ojúlé mẹ́rin máa kó tiwọn ní Sátidé kan, mẹ́rin mìíràn ní Sátidé tó tẹ̀lé e. Àwọn tó dàgbà yóò rántí ìmọ́tótó Sátidé ìparí oṣù tí ìjọba sójà gbé kalẹ̀ ní àkókò Ogun Lòdì sí Ìwà Ìbàjẹ́, ní 1984 sí 1985. Ìbẹ̀rù kòbókò ló ń mú ọ̀pọ̀ gbálẹ̀. Nígbà tí ìjọba Èkó fòpin sí ìsémọ́lé ọjọ́ náà ní 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti ní kò bófin mu, ọ̀pọ̀ ìgbálẹ̀ náà bá a lọ. Ẹni tó gbálẹ̀ nítorí sójà kò ní ìdí láti gbálẹ̀ mọ́ bí sójà bá lọ.

Ti ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Èyí ni mo rò pé a kò tíì yé ara wa dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà lára ènìyàn lẹ́ẹ̀kan jẹ́ bí 450 mìlílítà, kò tó omi inú ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan. Nínú àpò tí wọ́n sábà máa ń lò, ọjọ́ 35 ni ẹ̀jẹ̀ pupa náà lè lò nínú fíríìjì. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, dídà ni. Wàyí o, ọgọ́ta ènìyàn dé ọsibítù lọ́jọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ ìlú, gbogbo wọn fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, a kí wọn kú iṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, aboyún kan bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ kò dá. Ọkọ rẹ̀ ń sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù láti wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò fi owó bẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọgọ́ta ènìyàn yẹn ti tán nígbà náà, wọ́n ti lò ó tàbí wọ́n ti dà á nù. Ẹ̀jẹ̀ yíya lẹ́yìn ìbímọ sì wà lára ohun tó ń pa àwọn ìyá jù ní ilẹ̀ wa. Ẹ ṣe é ní àáró: ẹ pín ọgọ́ta náà sí ọ̀nà mẹ́rin, kí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa lọ lóṣooṣù. Ó di oṣù mẹ́rin mẹ́rin kí ó tó kan ẹnì kan padà, èyí sì bá ìmọ̀ràn àwọn dókítà mu, torí ọkùnrin yóò sinmi oṣù mẹ́ta, obìnrin oṣù mẹ́rin. Nípa ti aláàwẹ̀, àwọn onímọ̀ mẹ́síàbù Màlíkì tí à ń tẹ̀lé sọ nípa fífi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ pé kò ba ààwẹ̀ jẹ́, àmọ́ kò wu wọ́n fún ẹni tó ń bẹ̀rù pé yóò rẹ òun. Fífi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dà bí èyí. Nítorí náà, ẹ dúró di ẹ̀yìn ìṣínu, tàbí kí ẹ fi sí oṣù mìíràn.

Ní ti ọgbà ẹ̀wọ̀n, èmi kò ní pẹ́ níbẹ̀. Búrẹ́dì àti ọṣẹ dára, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ta ni ó wà nínú ẹ̀wọ̀n kìkì nítorí owó ìtanràn tí kò rí san. Irú wọn kò mọ níwọ̀n. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ tú 4,068 ẹlẹ́wọ̀n bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, nígbà tí àwọn aláàánú san owó wọn. Àwọn tí ẹjọ́ wọn kò tíì parí sì pọ̀ ju àwọn tí a ti dá lẹ́jọ́ lọ ní àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n wa. Bí lọ́yà kan bá wà nínú ẹgbẹ́ yín, ẹjọ́ kan péré tó bá ń bá wọn tẹ̀lé lóṣooṣù ju ogún páálí ọṣẹ lọ.

Ẹ má bínú, mo gbọ́dọ̀ sọ ti kámẹ́rà. Súúrà Bákọ́rà, ní àáyà 264, kìlọ̀ fún wa kí a má fi ìrègún àti ìpalára ba sàárà wa jẹ́. Àáyà 271 sì jẹ́ kó yé wa pé sàárà gbangba dára, ti ìkọ̀kọ̀ ló lọ́lá jù. Nítorí náà ẹ ya fọ́tò gọ́tà, ẹ ya fọ́tò típà. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tí ẹ fẹ́ fún ní kóńgò ìrẹsì, tí ẹ ní kó gbé e sókè kó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ìyá ẹnì kan ni. Ọmọ rẹ̀ lè rí i nínú fóònù. Ẹ fi òru gbé e lọ sílé fún un.

Ẹnì kan tún béèrè bóyá ilé mùsùlùmí nìkan ni kí a kó gọ́tà iwájú rẹ̀. Háà! Omi ilé onígbàgbọ́ àti ti mùsùlùmí, gọ́tà kan náà ni wọ́n ń gbà. Ẹ ka Súúrà Mumtahana, àáyà 8: Ọlọ́hun kò kọ̀ fún wa láti ṣe dáadáa sí ẹni tí kò gbógun tì wá. Bí wọ́n bá fẹ́ bá yín wọ inú àáró náà, ẹ kọ orúkọ wọn síwèé.

Ìwé yẹn ló kù. Kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ ra ìwé kan, kí ó fa ìlà sí i, kí ó kọ ojúlé àti Sátidé tó kan oníkálukú, kí ó kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó máa lọ sí ọsibítù lóṣù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa kà á jáde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ bí wọ́n ṣe ń ka orúkọ àwọn tó ṣe ìsọmọlórúkọ. Owó bánà àti fáńsẹ̀tì, ẹ má ṣe yọ ọ́ nínú owó sàká, torí àwọn mẹ́jọ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí sàká wà nínú Súúrà Tàóbà, àáyà 60, bánà kò sì sí lára wọn.

Àkókò wa ti tó. Lọ́la, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, a óò sọ̀rọ̀ lórí sàká ìtúnu ààwẹ̀, iye kóńgò tó jẹ́ àti ẹni tó yẹ kó gbà á. Àsàlámù aláékúmù.